Ọ̀bẹ Tí Mo Rà

Fada ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ojú ewé ìdílé lórí bí ó ti yẹ kí tọkọtaya máa ná owó. Ẹ̀yin tí mo ti múra ìgbéyàwó fún mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro fún mi láti sọ. N ó jókòó sórí àga, n ó máa fi ìka kà á fún yín: owó oúnjẹ, owó ilé ìwé, owó àìsàn. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ. Ìyàwó mi ti ka ìwé yìí kí ó tó dé ọwọ́ Fada. Ó yọ gbólóhùn kan kúrò nínú rẹ̀, ó sì fi méjì kún un. N kò ní sọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Kí n tó dé orí ọ̀bẹ tí mo rà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti èyí tí mo sọ nù.

Nígbà tí bàbá mi wà ní ọ̀dọ́, ó ń ṣe iṣẹ́ ọgbà fún fada òyìnbó kan níhìn-ín ní Ṣábẹ̀ẹ́. Nígbà tí fada náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fún bàbá mi ní ọ̀bẹ àpò rẹ̀. Opinel ni, nọ́ńbà 8. Ẹ̀yin àgbà mọ irú rẹ̀: èèkù igi, ojú irin tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 àti ààbọ̀, tí a ó ṣẹ́ po sínú èèkù bí ìgbín ti ń wọ inú ìkarahun. Òrùka irin kan wà ní ọrùn rẹ̀ tí a ń yí, kí ojú ọ̀bẹ má baà pa dé mọ́ni níka. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Joseph Opinel, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní 1890, ní àgbègbè Savoie, lórí àwọn òkè Faransé tí ó wà lẹ́bàá Ítálì. Ẹni ọdún 18 ni nígbà náà. Ní 1897 ó ti ń ṣe é ní oríṣi ìwọ̀n 12, láti orí nọ́ńbà 1 tó kéré bí ìka ọmọdé dé orí nọ́ńbà 12. Òrùka tí mo wí yìí kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; ní 1955 ni wọ́n fi kún un.

Lára irin ọ̀bẹ náà, wọ́n tẹ ọwọ́ kan sí i, ọwọ́ tó nà bí ọwọ́ ẹni tí ń súre, adé sì wà lókè rẹ̀. Bàbá mi gbà pé ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù ni. Ó máa ń fi àtàǹpàkò pa á kí ó tó bó ọsàn. Ìgbà tí mo wọ séminárì ni mo rí i kà pé ọwọ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi Mímọ́ ni. Ìlú kan wà ní Savoie tí ń jẹ́ Saint-Jean-de-Maurienne. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn níbẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ìka mẹ́ta tí àwọn àgbà wọn gbà pé ti Jòhánù ni, láti ayébáyé. Ọwọ́ yìí ni wọ́n fi ṣe àmì ìlú wọn, àwọn Opinel sì mú un ṣe àmì ọ̀bẹ tiwọn láti 1909. Nígbà tí mo délé ní ìsinmi tí mo sọ fún bàbá mi, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ó jogún ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti bó ọsàn tán, á ní, “Ẹ gbà, Jòhánù ti bó o.” Ìyá mi kò fẹ́ràn àwàdà yẹn rárá.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún 17, ó fún mi ní ọ̀bẹ náà. Ojú rẹ̀ ti jẹ dànù nítorí pípọ́n, ó ti tín-ín-rín bí ọ̀wá ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú ju abẹ lọ. Mo wọ ọkọ̀ ojúurin ní ibùdókọ̀ wa yìí, mò ń padà sí Parakou. Nígbà náà ọkọ̀ ojúurin ṣì ń gbé èrò. Mo yọ ọ̀bẹ náà láti fi bó ìrèké, mo sì ń fi í hàn fún àwọn ẹgbẹ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo rọ ọ́. Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo dé Parakou, ọ̀bẹ kò sí ní àpò mi, kò sì sí lórí ìjókòó. Ní Kérésìmesì, mo wólẹ̀ sọ fún bàbá mi. Ó ní, “Ọ̀bẹ kì í ṣe ọmọ. Ìwọ padà wá sílé, ó tó.” Ó lọ ra ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan ní ọjà, ó sì ń fi í bó ọsàn. Kò dárúkọ Jòhánù mọ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò ra Opinel mìíràn fún un. Ìbéèrè gidi ni. Ní Faransé, kò tó 10,000 fáráǹkì wa. Mo lè rán ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni mo ń sọ pé ó di ọdún tí ń bọ̀, títí ohun mìíràn fi wọ̀ mí lójú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Lyon. Ní oṣù kẹta 2024, ó fi àwòrán ọ̀bẹ kan ránṣẹ́ sí mi lórí tẹlifóònù. Ó ní, “Tọ́ńtọ́n, ẹ wo èyí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀bẹ.” Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀ ni wọ́n ṣe é. 200 péré ni wọ́n ṣe, wọ́n ní àwọn kò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó ṣẹ́kù jẹ́ 143. Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: nọ́ńbà yẹn ni ó mú mi, kì í ṣe ojú ọ̀bẹ. Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́rin, tí mo ní ilé, tí mo sì ní orúkọ ní ìlú, mo ń wò ó pé ènìyàn 200 péré ní gbogbo ayé ni yóò ní nǹkan yìí, àti pé ọ̀kan nínú wọn lè wà ní Ṣábẹ̀ẹ́.

Ọ̀bẹ náà kì í ṣe ayédèrú o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Irin tí àwọn Faransé ń pè ní titane ni wọ́n fi ṣe èèkù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní títánì. Òun ni wọ́n fi ń ṣe àwọn apá kan lára ọkọ̀ òfúrufú, òun náà sì ni àwọn dókítà fi ń to eegun tó ṣẹ́, nítorí kì í dípẹtà, ara ènìyàn kì í sì í kọ̀ ọ́. Bí a bá gbé irin lásán àti títánì tí wọ́n tóbi bákan náà sórí òṣùwọ̀n, tí irin jẹ́ kílò 10, títánì kò ní tó kílò 6. Ẹ má rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni ó ti ń wá. Inú yanrìn ilẹ̀ Sierra Leone, níhìn-ín ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n ti ń wa ọ̀kan nínú àwọn òkúta tí ó ní títánì nínú jù. Ogun abẹ́lé dá iṣẹ́ náà dúró ní 1995, a kò sì padà sí i títí di 2006. Ṣùgbọ́n púpọ̀ jùlọ nínú ohun tí wọ́n ń wà bẹ́ẹ̀ kì í di irin. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi ń ṣe. Ẹni tí ó bá kun ògiri rẹ̀ ní funfun nínú yín, ó ṣeé ṣe kí títánì wà nílé rẹ̀ tí kò mọ̀, kò sì ná tó bí mo ti ná.

Ọmọ Áfíríkà sì wà nínú ìtàn irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀. Chris Reeve, ọmọ South Africa, kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1989. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó gbé ọ̀bẹ àpò kan jáde tí èèkù rẹ̀ jẹ́ títánì, tí apá kan lára èèkù fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ wọlé láti dè ojú ọ̀bẹ, kò sí òrùka, kò sí nǹkan mìíràn. Ó pè é ní Sebenza. Ní èdè Zulu, ìtumọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe èèkù bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti èmi rí.

Ojú ọ̀bẹ ńkọ́? Irin kan ni wọ́n ń pè ní M390, ilẹ̀ Ọ́stríà ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọn kì í dà á bí a ti ń da irin lásán. Wọn a yọ́ ọ, wọn a fi afẹ́fẹ́ tú u ká títí á fi di lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́, wọn a wá kó èlùbọ́ irin náà sínú àpótí, wọn a fi iná àti agbára ńlá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí á fi di ọ̀kan. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà yìí ni pé àwọn hóró líle tí ó wà nínú irin, tí kì í jẹ́ kí ó tètè kú, á kéré, á sì tàn ká bákan náà, bí iyọ̀ ti ń tàn ká inú ọbẹ̀ tí a rò dáadáa. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n irin náà, nǹkan bí 20 jẹ́ kírómù, tí kì í jẹ́ kí ó dípẹtà, 4 sì jẹ́ fànádíọ́mù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí fànádíọ́mù yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Yúrò 380 ni. Nínú owó wa, ó lé ní 249,000 fáráǹkì. Owó iṣẹ́ oṣù tí ó kéré jù tí òfin ilẹ̀ wa Benin là kalẹ̀ láti 2023 jẹ́ 52,000. Ẹ fúnra yín ẹ ṣírò rẹ̀.

Mo ní owó náà. Owó kajú wa ni. Èmi àti ìyàwó mi ti jọ sọ ọ́ láti Kérésìmesì pé a ó fi í ra páànù láti tún òrùlé yàrá méjèèjì tí àwọn ọmọ ń sùn ṣe, nítorí ó ti ń jò. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ láti ra ọ̀bẹ kan. Ó ní, “Èló?” Mo ní, “25,000.” Ó ní 25,000 ti pọ̀ jù fún ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n kí n rà á, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ bàbá mi ń dùn mí. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀bẹ náà gé nìyẹn kí ó tó dé: ó gé òdo kan kúrò lára owó. Mo sọ fún un pé owó tó kù, ẹnì kan ló yá a lọ́wọ́ mi, pé yóò dá a padà kí òjò tó dé. Irọ́ kejì nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, òfin kẹjọ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tí ń múra Kómúníọ̀n.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fún ẹnì kan tí ń bọ̀ ní Kutọnu, ó fi í sínú àpótí ẹrù, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọ̀bẹ dání wọ inú bàálù. Láti Kutọnu, nǹkan bí kìlómítà 250, táksì ni ó gbé e wá. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá kí n tó tú u. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ bí èso àgbálùmọ̀. Bí mo bá ti fi ìka tì í, á ṣí, á sì dún kẹ́. Mo ṣí i, mo pa á dé, mo ṣí i, mo pa á dé. Mo wé e sínú aṣọ funfun, mo fi í sábẹ́ àwọn ìwé mi. N kò fi gé nǹkan kan. Mo kàn ń yọ ọ́ wò ní alẹ́.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù kẹrin. Mo gbọ́ nígbà tí ìyàwó mi dìde lóru, tí ó ń gbé bàsíà káàkiri yàrá àwọn ọmọ. Tó, tó, tó, omi ń kán. Mo dùbúlẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí ó sùn.

Ní oṣù karùn-ún, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 11 tí ń gbé lọ́dọ̀ wa, rí ọ̀bẹ náà. Ó fi ṣóńṣó rẹ̀ ṣí agolo tòmátò. Irin tó le bẹ́ẹ̀ kì í tẹ̀, kíkán ni í kán. Ṣóńṣó náà kán bí ìdajì hóró ìrẹsì. Mo gbá ọmọ náà létí, mo gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù bà á, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Tọ́ńtọ́n, ẹ má bínú, mo rò pé ọ̀bẹ ni.”

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wa. Ọkùnrin náà ń fi irin sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù rọ ọkọ́ àti àdá tí ó ń lo ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ó wo ọ̀bẹ náà, ó yìn ín dáadáa, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í yẹ̀yẹ́ iṣẹ́. Ó bu omi sí òkúta rẹ̀, ó ń pọ́n ọn. Ó pọ́n ọn títí, ó gbé e wò sí oòrùn, ó tún pọ́n ọn. Ṣóńṣó kò padà. Fànádíọ́mù tí mo wí lẹ́ẹ̀kan nìyẹn: inú irin náà, ó máa ń di hóró tí ó le ju òkúta tí a fi ń pọ́n àdá lọ. Òkúta ni ó ń jẹ, irin kò jẹ.

Ó ní, “Kátíkísì, èyí tí mo bá rọ fún yín, bí ó bá kú, ẹ ó pọ́n ọn lára òkúta ẹ̀yìn ilé yín. Èyí, ta ni yóò máa bá yín pọ́n ọn?”

Mo rántí Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 13, tí ó sọ pé kò sí alágbẹ̀dẹ ní gbogbo ilẹ̀ Ísráẹ́lì, tí olúkúlùkù fi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn Fílístínì láti pọ́n ohun èlò oko rẹ̀, tí wọ́n sì ń san owó fún wọn. Mo ti ka ẹsẹ yẹn nígbà púpọ̀. N kò mọ̀ pé èmi náà yóò di ọ̀kan nínú wọn. Alágbẹ̀dẹ bi mí pé èló ni mo rà á. Mo ní 25,000. Irọ́ náà ti mọ́ mi lẹ́nu.

Mo mú un lọ fún bàbá mi. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó gbà á, ó gbé e wò lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò pa ojú irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yí i padà, ó tún pa ìhà kejì.

Ó ní, “Ọwọ́ Jòhánù dà?”

Mo ní, “Bàbá, kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà ni ó wà níbẹ̀. 143 nínú 200.”

“Àwọn tó kù ńkọ́?”

“Wọ́n wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí a kò mọ̀.”

Ó gbìyànjú láti pa á dé, kò mọ ibi tí a ń tẹ̀. Ó dá a padà fún mi. Ó ní, “Ó fúyẹ́.” Kò sọ ohun mìíràn.

Ní oṣù kẹjọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá láti Lyon fún ìrìn àjò mímọ́ sí ihò àpáta Màríà ní Arígbó, ní Dassa. Ó sùn lọ́dọ̀ wa. A ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ó bèèrè ọ̀bẹ náà, mo sì gbé e jáde. Ó rí ṣóńṣó tó kán. Ó pariwo pé, “Há, Tọ́ńtọ́n! Ọ̀bẹ yúrò 380 kò gbọdọ̀ rí báyìí!” Ó yọ òkúta ìpọ́nbẹ kan láti inú àpò rẹ̀, èyí tí a fi eérú dáyámọ́ńdì bò, ó ní nítorí rẹ̀ ni òun ṣe mú un wá.

Aṣọ ni ìyàwó mi ń tà ní ọjà. Kò sí owó ilẹ̀ òkèèrè tí kò lè ṣírò kí ó tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúró díẹ̀. Ó bu ọbẹ̀ náà tán, ó fún àlejò ní ẹran tó dára jù. Kò sọ nǹkan kan títí àlejò fi padà sí Kutọnu ní ọjọ́ kẹta.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ní oṣù kẹrin, ta ló ń gbé bàsíà kiri lóru?”

Mo ní, “Ìwọ ni.”

Ó ní, “Ṣé ẹ gbọ́ mi?”

Mo ní, “Mo gbọ́.”

Ó ní, “Kì í ṣe owó náà. Bí ẹ bá ní 250,000 ni, n ó bínú, a ó jà, ó tán. Ẹ wò mí lójú, ẹ ní 25,000.”

Mo lọ sọ́dọ̀ Fada fún ìjẹ́wọ́, ohun tí ó ní kí n ṣe kò kan ojú ewé yìí. Mo lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, mo sọ iye gidi fún un. Ó fi ẹ̀mú sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bẹ ọmọ tí mo gbá létí. Ìyẹn ṣòro ju ti Fada lọ, nítorí ọmọdé kì í mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe bí àgbà bá ń bẹ̀bẹ̀.

Mo fẹ́ ta ọ̀bẹ náà. Àwọn tí ń kó irú rẹ̀ jọ wà ní òkè òkun, wọn á rà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣóńṣó rẹ̀ ti kúrú. Ìyàwó mi kò gbà. Ó ní, “Kí ẹ tà á, kí ẹ sì sọ pé ẹ ti tún un ṣe? Ẹ gbé e wá.” Ó gbé e lọ sí ilé ìdáná. Ó ń fi í rẹ́ ilá, ó ń fi í gé àlùbọ́sà, ó so okùn pupa mọ́ ọn kí ó má baà sọ nù láàrin èèpo iṣu. Nọ́ńbà 143 ti ń pa rẹ́ lábẹ́ epo.

Páànù 24 ni yàrá méjèèjì ń gbà. N kò fọwọ́ kan owó kajú mọ́. Nínú owó tí mò ń rí lórí ẹ̀kọ́ Faransé tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń rà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì méjì. Ìyàwó mi ń fi ẹfun kọ iye rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó ti di 15. Ní Lyon, ẹnì kan ń bá mi wá Opinel nọ́ńbà 8, tí ó ní ọwọ́ lára. Mo ti sọ iye rẹ̀ nílé.

Lánàá, bàbá mi wà lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó mi fi ọ̀bẹ náà bó ọsàn fún un. Bàbá jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́, ó ní ọ̀bẹ náà mú.